Ìdẹwò, Ẹ̀rí-Ọkàn àti Ìyánhànhàn nínú Orin Ìfẹ́ Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni. Kò sí ìran ènìyàn kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní orin ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà sọ ìfẹ́ jáde kò rí bákan náà. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í ṣàdédé dá ọmọbìnrin dúró lójú ọ̀nà odò kí ó máa tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Alárinà ni í bá a lọ, alárinà náà ni í bá a bọ̀. Bí kò bá sì fẹ́ kí ẹnu sọ ọ́ rárá, àrokò wà. Yóò so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, yóò sì fi í ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, yóò so ẹyọ mẹ́jọ, yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé èrò àwọn méjèèjì jọ.

Ní ìlú Oǹdó, àṣà kan wà tí a ń pè ní Òbìtun. Ọmọbìnrin tí ó bá ti bàlágà, tí ó sì tó ilé ọkọ, ni wọ́n máa ń ṣe é fún. Wọn a fi osùn kùn ún lára, wọn a ṣe irun rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a so iyùn mọ́ ọn lọ́rùn àti lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa jó, wọn a máa kọrin. Ní ìgbà náà, ọmọbìnrin tí kò bá tí ì ṣe Òbìtun, àwọn ará ìlú kò kà á sí ẹni tí ó ti di obìnrin tán. Lóde òní, ijó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, tí a máa ń rí níbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo àṣà yìí, a ó rí i pé ohun méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń fi ẹwà ọmọbìnrin náà han gbogbo ayé, ó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ọ̀nà wà tí a ń gbà tọrọ rẹ̀. Ìfẹ́-ọkàn àti ìjánu rẹ̀ jọ ń jó nínú agbo kan náà ni.

Láti ìgbà tí a ti dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní ọdún 1919, tí a sì dá Oyèmẹkùn Grammar School sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1953, ni ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ìlú wọ̀nyí ti ń pàdé ewì Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ibi tí orin ìfẹ́ wà, ẹ̀rín ni wọn a kọ́kọ́ rín. Lójú wọn, ọkùnrin kan tí ó ń sunkún nítorí obìnrin láti ìlà kìn-ín-ní títí dé ìlà ìkẹyìn kò ní iṣẹ́ gidi kan tí ó ń ṣe. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni ó wà níbẹ̀, èyí tí a lè dà kọ sínú ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin. Àṣìṣe ni èyí. Àwọn orin tí ó pẹ́ jù láyé nínú orin ìfẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èyí tí ènìyàn ti rí ohun tí ó ń fẹ́ gbà, tí ó sì ń yọ̀. Èyí tí ọkàn ènìyàn ti ń bá ara rẹ̀ ṣe ẹjọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ní láti mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn kí ẹjọ́ náà tó lè yé wa. Ìyánhànhàn ni èkíní: kí ọkàn ẹni máa fà sí ohun tí ó jìnnà sí ni, tàbí ẹni tí kò sí nítòsí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ebi kì í ṣe olè. Ìdẹwò ni èkejì: nígbà tí ọ̀nà kan bá ṣí sílẹ̀ sí ohun tí à ń yán hànhàn fún, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà náà kò tọ́. Ẹ̀rí-ọkàn ni ẹ̀kẹta: ohùn tí ń sọ̀rọ̀ nínú ẹni nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, tí ó ń bèèrè pé, "Ìwọ gan-an, kí ni o mọ̀ nípa ohun tí o fẹ́ ṣe yìí?"

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyánhànhàn. Orin kúkúrú kan wà nínú ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "Westron Wynde", èyíinì ni afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ẹni kan wà ní ibi tí ó jìnnà sí ilé. Ó ń retí afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ òjò wá, ó sì ń fẹ́ kí òun tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olólùfẹ́ òun lórí ibùsùn òun. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sọ ibi tí ó wà, kò sọ ohun tí ó gbé e débẹ̀. Ọmọ tí ó ti gbé ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́ yóò mọ ohun tí òjò ń ṣe nínú orin náà. Ó mọ bí ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, tí eruku pupa a bo ewé kòkó. Ó sì mọ bí ara gbogbo ènìyàn ti ń silé nígbà tí ojú ọ̀run bá kọ́kọ́ ṣú ní oṣù Kẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti orí òkun ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ tí ó ní òjò nínú ti ń wá. Ẹni náà ń retí òjò bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń retí rẹ̀, ó sì fi ìyẹn sọ bí ọkàn òun ti gbẹ tó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orin náà lẹ́yìn èyí yẹ ní mímọ̀. Àwọn ọ̀gá olórin mẹ́ta ní ọ̀rúndún náà, John Taverner, Christopher Tye àti John Sheppard, mú ohùn orin ìfẹ́ yìí, olúkúlùkù wọn sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ orin Máàsì fún ìsìn nínú ilé Ọlọ́run. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ní ilẹ̀ wa, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta mú ohùn orin ìbílẹ̀, ó sì fi kọ orin ìyìn. Ní ọdún 1922, a gba ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo gíráḿfóònù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn tí a fi ń ké pe ẹni tí a fẹ́ràn àti ohùn tí a fi ń ké pe Ọlọ́run kò jìnnà sí ara wọn.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó fi èyí hàn gbangba. Ní nǹkan bí ọdún 1340, akọ̀wé kan ní àdúgbò Ludlow, nítòsí ààlà ilẹ̀ Wales, fi ọwọ́ da ewì púpọ̀ kọ sínú ìwé kan tí ó wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Harley 2253 ni orúkọ tí a fi ń pè é. Nínú ìwé yìí, orin ìfẹ́ obìnrin àti orin ìfẹ́ Jésù wà pọ̀. Ewì méjì tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ bákan náà, tí ó sì ní ìlù ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sọ nípa ìfẹ́ Kristi, èkejì ń sọ nípa ìfẹ́ obìnrin. Akọ̀wé náà kò fi ọ̀kan pamọ́ kí ó tó kọ èkejì. Ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ìgbà tí ẹlẹ́jọ́ méjì bá jókòó níwájú onídàájọ́ kan ṣoṣo.

Bí ìyánhànhàn bá pẹ́, ìdẹwò a dé. Christopher Marlowe, ọmọ aránbàtà kan ní ìlú Canterbury, tí ó lọ sí Yunifásítì Cambridge tí ó sì di òǹkọ̀wé eré ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ewì kan kí ó tó kú ní ọdún 1593. Nínú ewì náà, olùṣọ́-àgùntàn kan ń bẹ ọmọbìnrin kan pé kí ó wá bá òun gbé, kí ó sì jẹ́ olólùfẹ́ òun. Ìlérí kún ẹnu rẹ̀. Yóò fi òdòdó tẹ́ ibùsùn fún un, yóò fi irun àgùntàn hun aṣọ fún un, yóò fi wúrà sí bàtà rẹ̀, yóò sì fi iyùn ṣe ìdè sí àmùrè rẹ̀. Ewì náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń kà á kì í rántí bèèrè pé níbo ni olùṣọ́-àgùntàn yóò ti rí wúrà àti iyùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdẹwò ń ṣiṣẹ́. Kì í parọ́ gbogbo. Òdòdó wà lóòótọ́, irun àgùntàn wà lóòótọ́. Ó kàn máa ń da èyí tí ó wà pọ̀ mọ́ èyí tí kò sí, a sì máa yára sọ̀rọ̀ kí olùgbọ́ má ba à rí àyè ṣírò.

Ní ọdún 1600, a tẹ ewì náà sínú ìwé kan tí a ń pè ní "England's Helicon", a sì tẹ èsì kan tẹ̀ lé e. Walter Ralegh ni a gbà pé ó kọ èsì náà. Ọmọbìnrin náà ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò bínú, kò bú olùṣọ́-àgùntàn. Ó kàn mú àwọn ìlérí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì wò wọ́n: òdòdó a máa rọ, aṣọ a máa gbó, ìgbà òtútù a máa dé, odò a máa ru. Ó ní bí èwe bá lè wà títí, bí òótọ́ bá sì wà lẹ́nu gbogbo olùṣọ́-àgùntàn, bóyá òun ì bá lọ. Ìdáhùn ọmọ tí a kọ́ nílé ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ọmọbìnrin Oǹdó tí a ṣe Òbìtun fún. Iyùn wà lọ́rùn tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó fi í sí i lọ́rùn, lójú gbogbo ènìyàn, kì í ṣe àlejò tí ó ṣèlérí rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Bí ìyà rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ bá ti fi iyùn dá a lọ́lá, iyùn àfẹnusọ kò ní tètè tàn án.

Ìdẹwò mìíràn wà tí kì í ṣèlérí rárá. Ẹ̀rù ni í fi ń dá ba ni. Andrew Marvell, ọmọ àlùfáà, kọ ewì kan tí a tẹ̀ ní ọdún 1681 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ń sọ fún obìnrin tí ó ń fà sẹ́yìn pé àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni, ikú sì ń bọ̀, nítorí náà kí wọ́n má fi ọjọ́ dá ọjọ́. Ohun tí ó wí nípa ikú kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a sọ nítorí kí a lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀tàn. Ẹni tí ó bá ń sáré mú ni ṣe ìpinnu kò fẹ́ kí a gbọ́ ohùn kejì.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí ọkàn fẹ́ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tí ó ní in sì lágbára. Thomas Wyatt, tí a bí ní ọdún 1503, jẹ́ ìránṣẹ́ àti ikọ̀ Ọba Henry Kẹjọ. Ó mú ewì kan tí Petrarch ará Itálì ti kọ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú, ó sì tún un dá ní èdè tirẹ̀. Ọdẹ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà. Ó ti lé àgbọ̀nrín kan títí ó fi rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ẹran náà. Ó wá sọ fún àwọn ọdẹ yòókù pé asán ni àwọn ń lé, nítorí a ti fi òkúta iyebíye kọ ọ́ yí ọrùn ẹran náà ká pé ti Késárì ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé Anne Boleyn ni àgbọ̀nrín náà, obìnrin tí ọba fẹ́ ní ọdún 1533, ṣùgbọ́n ewì náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1536, wọ́n fi Wyatt sí àtìmọ́lé ní ilé-ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, wọ́n bẹ́ orí Anne. Wọ́n dá Wyatt sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò nílò kí a ṣàlàyé fún òun púpọ̀ nípa ewì yìí. Ó mọ àgbọ̀nrín, ó sì mọ ohun tí olorì ọba jẹ́. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá gbójú sókè wo olorì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ewì náà ni pé: kí ni ó dá ọdẹ náà dúró? Ṣé ẹ̀rí-ọkàn ni, tàbí ẹ̀rù Késárì? Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù ni, nítorí pé kò sí ibi kan tí ó ti wí pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ohun tí ó wí ni pé òun kò lè rí i mú. Ẹni tí kò jalè nítorí pé ọlọ́pàá wà nítòsí kò tí ì di olóòótọ́. Wyatt mọ èyí. Òótọ́ tí ó sọ nípa ara ọdẹ náà ni ó mú kí ewì rẹ̀ wà títí di òní.

Ibi tí ẹ̀rí-ọkàn ti sọ̀rọ̀ jáde kedere ni iṣẹ́ Philip Sidney. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni Sidney, a bí i ní ọdún 1554. Ọgbẹ́ tí ó gbà lójú ogun ní ilẹ̀ Hóláǹdì ni ó pa á ní ọdún 1586, nígbà tí kò tí ì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1591, a tẹ ìwé ewì rẹ̀, "Astrophel and Stella". Sọ́nẹ́ẹ̀tì 108 àti orin 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Sọ́nẹ́ẹ̀tì ni ewì onílà mẹ́rìnlá. Astrophel ni ọkùnrin tí ó ń sọ̀rọ̀, Stella sì ni obìnrin tí ó fẹ́ràn, ìyàwó ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ gbà pé Penelope Devereux, tí ó di aya Lord Rich ní ọdún 1581, ni Sidney ní lọ́kàn.

Astrophel kì í ṣe ọ̀dàràn. Ó kàwé, ó mọ Ìwé Mímọ́, ó mọ ohun tí ó tọ́. Ohun tí ó ń dà á láàmú gan-an nìyí. Nínú sọ́nẹ́ẹ̀tì kan, ó yin Stella pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìwà rere ti lè bá ẹwà gbé pọ̀ kí ó wá kà á lójú rẹ̀ bí ìwé. Ìlà mẹ́tàlá ni ó fi ń bá ìyìn yìí lọ, tí gbogbo ọ̀rọ̀ sì ń tọ́, bí ìwàásù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù ìlà kan ṣoṣo, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ké bí ọmọ tí ebi ń pa, ó ní kí a fún òun ní oúnjẹ. Ìlà kan yìí kò wó ìlà mẹ́tàlá yòókù. Wọ́n ṣì jẹ́ òtítọ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé kí a mọ ohun rere kò tí ì tó kí a fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ilé-ìsìn rí, tí ẹnu rẹ̀ ń kọrin tí ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn, mọ ohun tí Sidney ń sọ.

Orin kẹjọ nínú ìwé náà ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn méjèèjì pàdé nínú igbó kékeré kan ní àkókò tí òdòdó ń tanná. Astrophel bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ gidigidi. Stella gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ fún un pé òun kò fẹ́ ẹ. Ó jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ọlá òun kò jẹ́ kí òun ṣe ohun tí ó ń bèèrè, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe tún mú ọ̀rọ̀ náà wá mọ́, kí ojú má ba à ti òun nígbà tí a bá dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ. Ìkọ̀sílẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ ni kò ṣòro. Ìkọ̀sílẹ̀ ẹni tí ó fẹ́, tí ó sì mọ̀ pé òun fẹ́, ni ẹ̀rí-ọkàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ni akéwì ti ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ní ìlà ìkẹyìn, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pe orin náà ní orin tèmi, ó sì ní ó ti já. Ẹni tí ó ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ Astrophel bọ́ síta gbangba.

William Shakespeare pẹ̀lú fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí nínú sọ́nẹ́ẹ̀tì 154 tí a tẹ̀ ní ọdún 1609. Nínú èyí tí ó wà ní ipò 129, ó ṣàlàyé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti ń ṣàlàyé àrùn: bí ó ti rí kí a tó ṣe é, bí ó ti rí nígbà tí a ń ṣe é, àti bí ó ti rí lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán. Ó parí rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti í yẹra fún un dáadáa. Ní ipò 151, ó tún gbé ìbéèrè mìíràn kalẹ̀: ǹjẹ́ ìfẹ́ mọ ẹ̀rí-ọkàn, tàbí láti inú ìfẹ́ gan-an ni ẹ̀rí-ọkàn ti ń jáde? Kò fún wa ní èsì tí a lè kọ sórí pátákó. Ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ kí olùkà máa gbé e lọ.

Kò yẹ kí a rò pé ìyánhànhàn kò lè bá ẹ̀rí-ọkàn tí ó mọ́ gbé. John Donne fẹ́ Anne More níkọ̀kọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1601, láìjẹ́ pé bàbá ọmọbìnrin náà gbọ́. Ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀: ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ẹni tí kò gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá rí ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó dúró ti aya rẹ̀ nínú àìní títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 1617. Ó di àlùfáà ní ọdún 1615, ó sì di olórí àwọn àlùfáà ilé-ìsìn St Paul ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1621. Izaak Walton, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, wí pé nígbà tí Donne fẹ́ rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé ni ó kọ ewì kan fún aya rẹ̀, pé kí ó má sunkún. Nínú rẹ̀, ó fi ọkàn àwọn méjèèjì wé kọ́ńpáàsì tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń fa òbìrí. Ẹsẹ̀ kan dúró sí àárín, èkejì ń rìn kiri. Bí èyí tí ń rìn bá ti jìnnà tó ni èyí tí ó dúró ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Nítorí pé èyí tí ó dúró kò yẹ̀ ni òbìrí fi pé. Ọmọ tí ó bá ní àpótí ìṣirò nínú báàgì rẹ̀ lè mú kọ́ńpáàsì jáde kí ó dán an wò. Ìyánhànhàn wà nínú ewì yìí tó ti "Westron Wynde", ṣùgbọ́n kò sí ìdẹwò níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń lọ mọ ibi tí òun ń padà sí.

Bí a bá wá gbé àwọn orin wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ àṣà ilẹ̀ wa, ìyàtọ̀ méjì ni a ó rí. Èkíní ni pé ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rí-ọkàn kì í fi ẹnu kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Alárinà ń sọ̀rọ̀, ìyá ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ń kọrin, ìlú ń wò. Nínú orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí, ènìyàn a máa dá nìkan wà pẹ̀lú ọkàn rẹ̀ ní òru, òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni olùjẹ́jọ́. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní èrè tirẹ̀. Ẹni tí gbogbo ìlú ń ṣọ́ lè má kọ́ bí a ti í ṣọ́ ara ẹni. Nígbà tí ó bá kúrò ní Oǹdó lọ sí ìlú tí kò ti sí ẹni tí ó mọ bàbá rẹ̀, kí ni yóò dá a dúró? Ẹni tí ó sì dá nìkan wà pẹ̀lú ọkàn rẹ̀ lè tan ọkàn náà jẹ, nítorí pé agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù ni ìfẹ́ ara ẹni.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orin Gẹ̀ẹ́sì náà, ọkùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀, a kì í sì í gbọ́ ohun tí obìnrin náà ní í sọ. Ohùn Stella ṣọ̀wọ́n nínú ìwé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọkùnrin ni ó kọ èsì tí a fi sí ọmọbìnrin náà lẹ́nu fún olùṣọ́-àgùntàn. Nínú agbo Òbìtun, àwọn obìnrin ni ó ń kọrin, ní ohùn ara wọn, nípa ara wọn. Olùkà tí ó bá ti mọ èyí yóò máa bèèrè, nígbàkígbà tí ó bá ka orin ìfẹ́, pé, "Ẹni tí a ń bẹ̀ ńkọ́? Kí ni òun ì bá wí?" Ìbéèrè rere ni, kì í sì í ṣe fún ìwé nìkan.

Nítorí náà, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣí ìwé ewì má ṣe wá ọ̀rọ̀ dídùn nìkan tí yóò dà kọ. Kí ó wo ohun tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń fẹ́, kí ó wo ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà rí i, kí ó sì fetí sí ohùn kejì tí ń dá a lóhùn láti inú ara rẹ̀ wá, bí ó ti wù kí ohùn náà kéré tó. Bí kò bá gbọ́ ohùn kejì rárá, kí ó ṣọ́ra fún orin náà, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà yóò yán hànhàn fún ẹnìkan, tí ọ̀nà kan yóò sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí alárinà kò sí nítòsí. Àwọn àgbà wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹni tí ó bá ti kọ́ etí rẹ̀ láti gbọ́ fèrè náà nínú orin yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá dún nínú ọkàn tirẹ̀.